Ìwádìí split-mouth: ẹnu kan, ìtọ́jú méjì

Ká ní oríṣi ohun méjì ló wà tí dókítà eyín lè fi dí ihò eyín, a sì fẹ́ mọ èyí tó ń pẹ́ jù. Wọ́n fi ọ̀kan dí ti Lágbájá, wọ́n fi èkejì dí ti Tàmẹ̀dù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ti Lágbájá ti jábọ́, ti Tàmẹ̀dù ṣì dúró digbí. Ta ló mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fi dí i ni kò dáa, àbí Lágbájá ni kì í fọ ẹnu kó tó sùn, tó tún máa ń payín keke lójú oorun?

Torí irú iyèméjì yìí ni àwọn olùwádìí ṣe ń lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní split-mouth. Ẹnu ẹnì kan náà ni wọ́n ti ń dán ìtọ́jú méjèèjì wò, ọ̀kan lọ́tùn-ún, èkejì lósì. Itọ́ kan náà ló ń kàn wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń fọ̀ wọ́n. Dókítà kọ́ ló ń yan apá fúnra rẹ̀ o. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, torí apá kan ẹnu lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju èkejì lọ.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti wù mí jù ni iṣẹ́ títo eyín. Bí eyín bá fún pọ̀ jù, dókítà lè yọ ọ̀kan lọ́tùn-ún, kó yọ ọ̀kan lósì, kó wá máa fi wáyà fa eyín ṣóńṣó iwájú rẹ̀ sẹ́yìn wọ àyè náà. Kì í sábà ju nǹkan bíi mìlímítà kan lóṣù lọ. Ìdí nìyẹn tí wáyà fi ń pẹ́ lẹ́nu. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá lu ihò tín-ín-tìn-ìn-tín sí egungun tó di eyín mú, eyín á tètè rìn. Wọ́n lù ú sí apá kan, wọn ò fọwọ́ kan èkejì, wọ́n sì ń wọn méjèèjì lóṣooṣù. Bí ọ̀kan bá yára jù, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọjọ́ orí ló fà á.

Ṣùgbọ́n ẹnu ò ní ògiri láàárín. Símẹ́ǹtì kan tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, tí wọ́n ń pè ní glass ionomer, máa ń tú fúlọ́ráìdì jáde, ìyẹn èròjà tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà. Itọ́ lè gbé e dé apá kejì, kó máa dáàbò bo eyín tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìyàtọ̀ á wá kéré lójú, wọ́n á ní ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò ṣiṣẹ́. Èyí ń ká mi lára, torí aláìsàn ló ń pàdánù. Oògùn tí à ń gbé mì ò tiẹ̀ bá irú ìwádìí yìí mu rárá, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kárí.

Ní 2017, ìlànà CONSORT fún kíkọ àbọ̀ ìwádìí ní àfikún fún irú èyí: kí olùwádìí ṣàlàyé ìdí tó fi yan ọ̀nà yìí. Ìṣirò náà ní tirẹ̀. Eyín 40 láti ẹnu èèyàn 20 kì í ṣe èèyàn 40. Méjì-méjì ló yẹ kí wọ́n fi wọ́n wéra, ọ̀tún ẹnì kan pẹ̀lú òsì ẹni yẹn gan-an.