Àbàtà Bá Odò Tan: Ìdí Tí Kọnkéré Nìkan Kò Fi Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Omíyalé

Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi wọlé onílé, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ládùúgbò ni pé gọ́tà kò tó. Kí wọ́n la òmíràn, kó fẹ̀, kó jìn, kí wọ́n da kọnkéré sí i, kí omi lè rọ́nà sáré lọ. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tó o á da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà sí. Ẹni tó ra ilẹ̀ àbàtà á já tìpà iyanrìn 30 sí i, á ní òun ti sọ ilẹ̀ tí kò wúlò di ilẹ̀ gidi. Ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: pé ọ̀tá ni omi òjò, àfi ká tètè lé e lọ. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an wà lára ohun tó ń sọ òjò di omíyalé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òjò mìlímítà 1 tó rọ̀ sórí mítà onígun mẹ́rin 1, omi lítà 1 gééré ni. Púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100 tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 465. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omi tó bọ́ sórí púlọ́ọ̀tì yẹn nìkan ju lítà 23,000 lọ, ìyẹn tánkì onílítà 1,000 tó 23. Bí òrùlé àti kọnkéré bá gba gbogbo ilẹ̀ náà, ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún omi ọ̀hún, ó kéré tán, ló máa já sójú títì. Ilẹ̀ tó ní igi àti koríko kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ bọ̀lọ̀jọ̀ tí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ lè mu omi mìlímítà 20 sí 30 láàárín wákàtí kan. Ilẹ̀ amọ̀ ni kò lè mu tó bẹ́ẹ̀. Mìlímítà 1 sí 5 ni agbára rẹ̀ mọ.

Iye omi nìkan kọ́ ni wàhálà, àsìkò tí omi ń dé pẹ̀lú ni. Ẹ wo èrò tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí wọ́n bá ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀nà kan tó wọn. Bí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kò ní tó. Omi tó gba inú koríko àti ewé gbígbẹ kọjá ń rìn bí arúgbó, èyí tó bọ́ sórí kọnkéré ń sáré. Nígbà tí gbogbo ilé tó wà lókè bá tú omi tiwọn sí gọ́tà kan ṣoṣo láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gọ́tà tó ti ń tó láti ogún ọdún á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò náà kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá wá fẹ gọ́tà yẹn lójú, a kàn gbé ìyọnu náà lọ sísàlẹ̀ ni, sí ibi tí gọ́tà ti pàdé odò. Odò tó bá ti kún kì í gba omi gọ́tà wọlé. Ẹ̀yìn ni omi náà máa padà sí, sínú ilé ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀.

Òjò fúnra rẹ̀ sì ń le sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 1 gbóná ju ti tẹ́lẹ̀, omi tó lè rù máa ń fi nǹkan bí ìpín 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Gọ́tà tí wọ́n fi òjò àtijọ́ ṣírò kò lè bá òjò ìsinsìnyí dọ́gba.

Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹnu tí ilẹ̀ ń là, kó lọ sábẹ́ igi máńgòrò tí ọkọ̀ kì í gùn, kó rọra fi ọkọ́ ṣí ilẹ̀ ibẹ̀. Ewé tó ti ń jẹrà ló máa kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà erùpẹ̀ dúdú tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́. Nínú erùpẹ̀ yẹn, á rí ihò ekòló tí kò fẹ̀ ju ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan lọ, àti ojú ọ̀nà tí gbòǹgbò tó ti kú fi sílẹ̀. Kó da omi abọ́ kan sí i, kó sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi wọlẹ̀. Kó tún da abọ́ omi mìíràn síbi tí tìpà ti máa ń yí, kó wo bó ṣe máa dúró bí omi inú àwo. Ilẹ̀ kan náà ni. Ẹrù ọkọ̀ ló pa gbogbo ihò wọ̀nyẹn dé. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ tí katakátá ti rìn fún oṣù kan lákòókò ìkọ́lé kì í fi í mu omi dáadáa mọ́, bí wọn kò tilẹ̀ da kọnkéré sí i. Àfi kí wọ́n tú u ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, kí wọ́n po ajílẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi ewé bò ó.

Ọ̀rọ̀ àbàtà ló dùn wá jù. Òwe wa sọ pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, a sì ń pa òwe yẹn láì gbọ́ ohun tó ń sọ nípa ilẹ̀. Bí odò bá kún, ara àbàtà ló máa ń nà sí. Àbàtà hẹ́kítà 1 tó gba omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ti gbé lítà mílíọ̀nù 3 mì, omi tí ọkọ̀ tánkà onílítà 10,000 kò lè gbé tán àfi kó lọ ìrìn 300. Díẹ̀díẹ̀ ló sì máa ń dá a padà fún odò lẹ́yìn òjò. Ẹni tó bá fi iyanrìn dí hẹ́kítà yẹn ti lé lítà mílíọ̀nù 3 lọ sí yàrá àwọn ẹlòmíì. Kódà ẹni tó dí i kò bọ́, torí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó sórí ẹrẹ̀ máa ń rì fún ọdún púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ògiri ti ń là.

Ojú Ìbàdàn ti rí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú odò náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, odò Ọ̀nà àti àwọn odò mìíràn ló kún bo afárá, tí ẹ̀mí tó lé ní 100 lọ sí i. Igi, pàǹtírí àti àwókù ilé dí abẹ́ afárá, omi sì yà gba ojú ilé. Àgbàrá òjò kò lóun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó kọ́lé sí ibi tí odò ti máa ń na ẹsẹ̀ ti gbà fún un tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìdídò àti kọnkéré gan-an ti gbà pé àbàtà ń ṣiṣẹ́. Ní Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Army Corps of Engineers yẹ odò Charles wò láti mọ bí wọ́n ṣe máa dènà omíyalé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn àbàtà tó wà lápá òkè ti ń ṣe iṣẹ́ ìdídò lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárín ọdún 1977 sí 1983, wọ́n ra ilẹ̀ àbàtà tàbí ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 3,300, kí ẹnikẹ́ni má baà dí i. Ní Nẹ́dálándì, níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri dènà omi láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní láti kó èèyàn bíi 250,000 kúrò nílé ní ọdún 1995 nígbà tí odò fẹ́ ya. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún odò: ní ibi tó lé ní 30, wọ́n sún ògiri sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́ etídò sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí pápá kan máa kún nígbà tó bá yẹ kó kún. Nílé wa níbí, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2005, jẹ́ hẹ́kítà 75 igbó etídò tí èèwọ̀ ti dáàbò bò. Odò tó bá kún níbẹ̀, inú igbó ló ń kún sí.

Nínú ilé ẹni, ohun tó rọrùn jù láti ṣe ni ọgbà agbomi: kòtò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi òrùlé máa dà sí, tí á dúró níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, tí á sì wọlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ rọ omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, ẹ tún rọ ọ́ kún, kí ẹ wá fi rúlà wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ tó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí kò bá lọ tó sẹ̀ǹtímítà 1, ẹ má ṣe é síbẹ̀. Bó bá tó bẹ́ẹ̀ tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà 3, kó jìnnà dáadáa sí kànga àti sókàwéè, kí omi ìdọ̀tí àti omi òjò má baà pàdé.

Ká ní apá kan òrùlé tó tó mítà onígun mẹ́rin 100 ló máa da omi síbẹ̀. Òjò mìlímítà 25 á fún yín ní lítà 2,500. Ọgbà mítà 5 sí mítà 3, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15, á gba lítà 2,250, ilẹ̀ á sì máa mu ìyókù bí òjò ṣe ń rọ̀. Lábẹ́ ibi tí omi máa dúró sí yẹn, ẹ gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45 sí i, kí ẹ fi ṣáápùsáàǹdì páànù mẹ́ta, erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ páànù kan àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà páànù kan dí i padà. Ẹ má ṣe tẹ ìsàlẹ̀ kòtò náà mọ́lẹ̀, ẹ má sì gbẹ́ ẹ nígbà tí ilẹ̀ bá rin gbingbin, torí ẹsẹ̀ yín á sọ ọ́ di àwo amọ̀. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á rọ́ sí igun kan. Ẹ kó òkúta sí ibi tí omi ń já sí, kí ẹ sì la ẹnu kan tó fi sẹ̀ǹtímítà 5 relẹ̀ ju etí ọgbà lọ, kí omi tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ lọ sí gọ́tà. Ìdò àti kókò dára láàárín, ewé tíì dára létí.

Ẹ̀fọn ni gbogbo èèyàn máa ń bẹ̀rù. Ẹyin ẹ̀fọn nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ẹ̀fọn tó ń fò. Omi tó fà tán láàárín ọjọ́ méjì kò lè bí i. Bó bá ju ọjọ́ méjì lọ, ewé àti ẹrẹ̀ ti dí ojú ilẹ̀. Ẹ kó wọn kúrò, kí ẹ tú òkè rẹ̀.

Intalọ́ọ̀kì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń mu omi. Èyí tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré tàbí sórí yẹ̀pẹ̀ tí ẹ̀rọ ti gún mọ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mu. Kó tó lè mu, òkúta gíráńáìtì wẹ́wẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, kí àlàfo wà láàárín búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì fi sìmẹ́ǹtì dí i.

Ní orí òkè tí ọ̀gbàrá ti ń jẹ ilẹ̀, koríko tí wọ́n ń pè ní fẹ́tífà ló ń ṣiṣẹ́ jù. Gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan, ó lè jìn tó mítà 3. Ẹ ya ìtí rẹ̀ sí ọ̀mùnú méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gé ewé rẹ̀ ku sẹ̀ǹtímítà 20, gbòǹgbò ku sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ gbìn wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra wọn. Ìlà mítà 100 á gba nǹkan bí 700 sí 1,000. Kí ìlà náà dábùú òkè, kó sì wà ní ìpele kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin; rọ́bà olómi tí bíríkìlà fi ń wá lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó fún iṣẹ́ yìí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ìlà bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ti di gọ́tà. Bí àlàfo kan bá sì wà nínú rẹ̀, gbogbo omi á rọ́ gba ibẹ̀, á sì gbẹ́ kòtò tó burú ju ti tẹ́lẹ̀. Oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn ín, kó lè mú kí ọ̀gbàrá oṣù kẹsàn-án tó dé. Kì í ṣe dáadáa lábẹ́ òjìji, ewúrẹ́ sì fẹ́ràn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ó ní ibi tí gbogbo èyí dé. Ọgbà agbomi kò lè gbé mìlímítà 187 mì, gọ́tà tó mọ́ ṣì gbọ́dọ̀ wà. Ní Ìṣẹri àti àwọn àdúgbò tó wà létí odò Ògùn, omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán àti ìkún ọ̀sà ló ń pàdé. Ohunkóhun tí èèyàn bá gbìn sí àgbàlá rẹ̀ níbẹ̀ kò lè dá a dúró. Ibi tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣì ṣófo, òfìfo yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ má lọ wò ó nínú ọyẹ́. Ẹ lọ ní oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wo ara ògiri àwọn tó ti kọ́lé sítòsí, bóyá ilà omi wà níbẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé ní ọdún tó burú jù. Bí ẹ bá rí ògùrọ̀ tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, ilẹ̀ odò ni, ohun yòówù kí ọmọ onílẹ̀ sọ.