Dáínámáìtì Kọ́ Ni Wọ́n Fi Ń Gé Máábù

Ẹ sáà dá ọ̀rọ̀ àpáta ilẹ̀ wa sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní ká wá dáínámáìtì, ká fọ́ òkè, owó ti dé. Irọ́ ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ǹtì ni dáínámáìtì wà fún. Òkúta tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sí pálọ̀ tàbí fi ṣe orí kántà, bíi máábù, bíbà ni dáínámáìtì ń bà á jẹ́.

Tó bá ti dún, òkúta á sán nínú lọ́hùn-ún, sísán tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí. Odidi lẹ ó rò pé ẹ gbé sí tírélà, ẹ ó sanwó ọkọ̀. Ó di ìgbà tí ayùn bá ń là á sí pẹlẹbẹ oní sẹ̀ǹtímítà 2 kó tó fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ní Carrara, ìlú tí wọ́n ti ń wú máábù ní Ítálì, wọ́n lo ẹ̀tù rí. Àfọ́kù ìgbà náà ṣì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè wọn. Wáyà tí wọ́n to dáyámọ́ńdì sí lára ni wọ́n ń lò báyìí. Wọ́n á lu ihò méjì tó pàdé nínú àpáta, wọ́n á ki wáyà bọ̀ ọ́, wọ́n á so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ̀rọ á máa fà á yípo, omi á máa ṣàn sí i kó má baà gbóná. Tí wọ́n bá gé e tán, orí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí, kó má baà fọ́.

Èyí tó ń dùn mí ni ti Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Máábù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń di lẹ́búlẹ́bú, tàbí wẹ́wẹ́ fún tẹrásò. N ò bínú sí lẹ́búlẹ́bú o. Wọ́n ń fi í ṣe ọ̀dà, wọ́n ń fi í ṣe oúnjẹ adìyẹ. Kódà lọ́dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó sábà máa ń ju ìdajì òkúta tí wọ́n wú tí kì í di pẹlẹbẹ. Àjákù yẹn ni kí wọ́n máa lọ̀. Odidi tó ṣeé gé ni kò yẹ kó bá a lọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo àpáta ńlá ló yẹ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ibi tó ti là fúnra rẹ̀. Tí ìlà kan ò bá jìnnà sí èkejì tó mítà kan, ẹ má wulẹ̀ retí odidi òkúta ńlá tó ṣeé gé níbẹ̀, bó ti wù kí òkè náà ga tó. Téèpù ìwọnlẹ̀ lásán ló ń sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó yáwó ra ẹ̀rọ. Lẹ́yìn téèpù, ó ku ìwé àṣẹ: òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ọdún 2007 ti fi í sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ì báà jẹ́ oko bàbá yín ni àpáta náà wà.