Ṣé Ọ̀nà Jíjìn Máa Ń Mọ́ni Lára Lóòótọ́?

Ìdílé tó bá ń wá ilé rà ní ìlú ńlá kì í pẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu alágbàtà tàbí lẹ́nu ẹbí: "Ẹ lọ ra èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ó tóbi, ó dínwó, ariwo ò sí níbẹ̀. Ọ̀nà ló kàn jìn díẹ̀, á sì mọ́ yín lára." Gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn lè jẹ́ òótọ́, àfi gbólóhùn tó kẹ́yìn. Òun gan-an ló sì gbé ìyókù dúró.

Kí ló tiẹ̀ dé tí ilé ibẹ̀ fi dínwó? Àwọn kan rò pé oríire ni, pé àwọn tètè débẹ̀ kí ojú àwọn ẹlòmíì tó là. Láti 1826 ni ọmọ Jámánì kan tó ní oko, Johann Heinrich von Thünen, ti ṣàlàyé rẹ̀: bí ilẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ọjà tó, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀ tó, torí owó tí wọ́n á fi kó irè oko dé ọjà ti jẹ nínú èrè. Ní 1964, William Alonso, onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, mú àlàyé yẹn wọ ìgboro. Ẹni tó ń gbé ní eteetí ìlú ń san díẹ̀ lórí ilẹ̀, ó wá ń san ìyókù lójú ọ̀nà. Ẹ̀dínwó tí wọ́n fi ń fà yín mọ́ra kì í ṣe ẹ̀bùn rárá. Owó ọ̀nà ni wọ́n ti yọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san án díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí alágbàtà bá ti gba tirẹ̀ lọ.

Bí ìṣirò yẹn bá dọ́gba, kò sẹ́jọ́. Ohun tí ìwé ètò ọrọ̀ ajé sì sọ ni pé ó yẹ kó dọ́gba: ẹni tó ń rìn jìn á ti rí ilé tó tóbi jù tàbí owó oṣù tó pọ̀ jù gbà dípò, ayé rẹ̀ ò sì ní burú ju ti ẹlòmíì lọ. Alois Stutzer àti Bruno Frey, tí àwọn méjèèjì jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Switzerland, fi ọ̀rọ̀ yìí wé ìdáhùn àwọn ará Jámánì tí wọ́n ń bi lọ́dọọdún nípa bí ayé ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn sí. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, kò dọ́gba. Bí ọ̀nà ibi iṣẹ́ ṣe ń gùn sí i ni ìtẹ́lọ́rùn ń dín kù, ilé àti owó oṣù ò sì dí àlàfo náà. Ṣáájú wọn, ní 2004, Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní Texas ròyìn ọjọ́ tó kọjá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí wọ́n sì sọ bó ṣe rí lára wọn nídìí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe. Ìrìn àárọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń ráhùn lé lórí, sàn jù ú lọ.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ ilé ìdílé jù lọ lójú tèmi ni ti 2011. Àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Jennifer Roberts, Robert Hodgson àti Paul Dolan, yẹ àwọn ará Brítéènì wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà gígùn ń da ọkàn àwọn obìnrin láàmú lọ́nà tí wọn ò rí lára àwọn ọkùnrin. Wọ́n ní ó jọ pé iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ, tó wà léjìká obìnrin jù, ló fà á. Nítorí náà, nígbà tí baálé bá ní ọ̀nà yẹn ò le, ó lè má purọ́. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè láti iléèwé pé ọmọ ń gbóná.

Ìdí tí ilé fi ń mọ́ni lára tí ọ̀nà kì í fi í mọ́ni lára kò ṣòroó rí. Yàrá ńlá tó dùn mọ́ yín nínú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó dé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rí lọ́la, lọ́túnla àti lọ́dún tó ń bọ̀, kò sì ní pẹ́ tójú yín ò fi ní rí i mọ́. Ọ̀nà kì í rí bákan náà. Lónìí, ọkọ̀ kan dojú dé. Lọ́la, òjò. Lọ́túnla, ọkọ̀ kàn dúró gbagidi láìnídìí. Ohun téèyàn ò lè fọkàn sí, báwo ló ṣe máa mọ́ni lára? (Yàrá àlejò náà wà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi wákàtí kan kún ìrìn ojoojúmọ́ wọn nítorí àlejò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.)

Ẹ bá mi ṣírò díẹ̀. Ká ní ilé tó jìn fi ìṣẹ́jú 45 kún ìrìn àárọ̀, ó sì fi 45 kún ti ìrọ̀lẹ́. Wákàtí kan àtààbọ̀ nìyẹn lójúmọ́. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 240 lọ́dún, ó di wákàtí 360, ìyẹn ọjọ́ 15 gbáko, tọ̀sán tòru. Bí tọkọtaya bá jọ ń rìn ín, ẹ sọ ọ́ di méjì. Ní 1994, Cesare Marchetti, onímọ̀ físíìsì ará Ítálì, tọ́ka sí i pé nǹkan bíi wákàtí kan lójúmọ́ ni àwọn èèyàn sábà máa ń fi rìn kiri lápapọ̀, yálà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn tàbí ọkọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá tì kọjá ibẹ̀ á mú ìyókù láti ibòmíì, oorun ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àmọ́ ẹni tó délé nígbà tí ọmọ ti sùn, tó sì tún jáde kí ọmọ tó jí, ìsinmi wo ló bọ̀ wá ṣe?

Owó ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé kí owó ilé má kọjá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé. Àjọ Center for Neighborhood Technology ní Chicago ní ìyẹn ò tó, pé kí wọ́n ro owó ilé àti owó ìrìnnà pọ̀, kí àpapọ̀ rẹ̀ má ju 45 lọ. Téèyàn bá ṣírò báyìí, ọ̀pọ̀ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú á kúrò nínú orúkọ yẹn. Ìdílé tí ọkọ̀ kan ì bá tó, tàbí tí kò ní nílò rẹ̀ rárá, á wá máa bọ́ ọkọ̀ méjì pẹ̀lú epo àti àtúnṣe, ọkọ̀ tí iye rẹ̀ sì ń relẹ̀ lọ́dọọdún.

Ìgbàgbọ́ òdì yìí ní àbúrò kan: "Wọ́n máa tó fẹ títì yẹn." Láti 1962 ni Anthony Downs, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé pé lásìkò tí gbogbo ayé ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ̀ á pọ̀ sí i lójú títì tuntun títí tó fi máa kún dẹ́nu. Ní 2011, Gilles Duranton àti Matthew Turner, táwọn náà jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi àkọsílẹ̀ àwọn ìlú Amẹ́ríkà hàn pé bí títì ṣe ń pọ̀ tó ni ìrìn ọkọ̀ ń pọ̀ tó. Ní Houston, wọ́n fẹ òpópónà Katy Freeway títí ó fi di 26 ọ̀nà ọkọ̀ níbi tó fẹ̀ jù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2008. Láàárín 2011 sí 2014, àkókò tí ìrìn ìrọ̀lẹ́ lórí rẹ̀ ń gbà fi bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i. Reluwé tó ti ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ẹ lè gbé e lé ìṣirò yín. Èyí tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

N ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ há ara yín mọ́ ẹ̀gbẹ́ òpópónà ní àárín ìlú o. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Donald Appleyard, onímọ̀ ètò ìlú, fi àdúgbò mẹ́ta wéra ní San Francisco. Ọkọ̀ bíi 2,000 ló ń gba ọ̀kan kọjá lójúmọ́, 8,000 ló ń gba èkejì, 16,000 ló ń gba ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń gbé ní àkọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní àdúgbò rẹ̀, tá a bá pín in dọ́gba. Ní ẹ̀kẹta, kò pé ẹyọ kan. Ti ọmọdé tún wà níbẹ̀: Mayer Hillman, olùṣèwádìí ará Brítéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 7 àti 8 ló ń dá lọ sí iléèwé ní 1971. Nígbà tó máa fi di 1990, ó ti di 9 péré, ẹ̀rù ọkọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn òbí sọ pé ó fà á. Ọmọ tó bá lè fẹsẹ̀ rìn lọ fúnra rẹ̀ ti yọ ìrìn méjì kúrò lọ́rùn òbí lójúmọ́. Òpópónà inú tó dákẹ́, nínú agbègbè tó súnmọ́ nǹkan, ni kẹ́ ẹ máa wá, kódà bí yàrá ibẹ̀ bá dín ní ẹyọ kan.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ló yẹ ká wò ká tó ra ilé. Ẹ kọ gbogbo ìrìn ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, ti ọmọ, ti ìyá, ti bàbá, ti ìyá àgbà tó ń lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀sán Sátidé ni alágbàtà máa ń fẹ́ múni lọ wo ilé, nígbà tí títì dá páropáro, ibẹ̀ náà ni "ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré" rẹ̀ ti ń wá. Ẹ padà lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè àti nírọ̀lẹ́ Fráídè, kẹ́ ẹ ka àkókò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ọjọ́ tó burú jù ni kẹ́ ẹ sì fi ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn alágbàtà bá mu: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tàbí ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní eteetí ìlú yẹn gan-an. Àmọ́ iṣẹ́ máa ń yí padà ṣáájú ilé, nítorí náà kí ilé súnmọ́ ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí sàn ju kó súnmọ́ ọ́fíìsì kan ṣoṣo. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò tíì kúrò lórí ilé ńlá tó jìn náà lè kọ́kọ́ háyà ilé níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó tó yáwó rà á. Kó ṣáà rí i pé àsìkò tí iléèwé wọlé ni o, torí ọ̀nà àsìkò ọlidé kì í ṣe ọ̀nà gidi.