“Ìpàdé Onílé Nìyẹn, Kí Ni Tèmi Níbẹ̀?”

Ọdún méjì ni mo fi ṣe igbákejì akọ̀wé ìpàdé àdúgbò wa ní apá Agége. Ìwé ńlá kan ló máa ń wà lọ́wọ́ mi, tí a fi rúlà pín: nọ́ńbà ilé, orúkọ, owó ọdẹ, owó iná. Ilé kan, ìlà kan. Ilé kẹtàdínlógún jẹ́ kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ẹ oníyàrá méjìlá, ìlà kan náà ló ní, orúkọ bàbá onílé ló sì wà níbẹ̀. Peckham ní London ni bàbá ń gbé kí n tó kó dé àdúgbò. Tí a bá ń dá owó, yàrá méjèèjìlá ló ń dá a. Tí a bá pe ìpàdé, ẹnì kan là ń pè, ẹni náà ò sì sí nílùú.

Ẹ bi ayálégbé pé kí ló dé tí kì í wá, á ní ìpàdé lańlọ́ọ̀dù nìyẹn. Ẹ bi onílé, á ní ayálégbé ò bìkítà. Irọ́ ni méjèèjì.

Ní Èkó, òfin ọdún 2008 tó dá àwọn CDA, ìyẹn irú ìpàdé àdúgbò bíi tiwa, sílẹ̀ sọ wọ́n ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Kò pè wọ́n ní ẹgbẹ́ onílé. Kí àwọn onílé dá ìpàdé tiwọn ṣe kò burú. Abala 40 òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹgbẹ́ jọ. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, alága kan náà ló ń darí méjèèjì, nínú pálọ̀ kan náà, ní ọjọ́ kan náà.

Àwọn onílé ní ẹjọ́ tiwọn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní ayálégbé lè kó jáde lọ́la, àwọn ni gbèsè àti gọ́tà máa kù sí lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n màmá alákàrà tó wà ní yàrá kẹrin ti ń gbé ilé yẹn kí wọ́n tó da ọ̀dà sí títì wa. Òun ló mọ ibi tí àgbàrá ti ń ya wọlé. Bàbá Peckham ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí tíráńsífọ́mà wa jó, onílé mẹ́sàn-án ló jókòó, wọ́n bu owó lé yàrá kọ̀ọ̀kan, a sì san án. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òfin tí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, gbé jáde ní 2015 ní kí àdúgbò tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ iná tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, lórí bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Oníṣẹ́ iná kan ń gbé ní yàrá kẹsàn-án ilé kẹtàdínlógún, ó mọ òfin yìí dáadáa. Owó tiẹ̀ la gbà, a ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àwa fá a.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí wa kéré. Ní oṣù Keje 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun Èkó, wọ́n fún àwọn ará Màrókò, àdúgbò kan nítòsí Victoria Island, ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó jáde. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni kátapílà wọlé. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó 300,000. Nígbà tí ìjọba wá ń pín ilé ní Ìlasàn àti Ìkòtà, ẹni tó bá lè fi hàn pé onílé lòun ni wọ́n ń wá, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn náà ló sì rí gbà. Wọn ò ka ayálégbé mọ́ ọn rárá.

Ẹ̀rù tún wà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé bí àwọn bá la ẹnu ní ìpàdé, ẹrù àwọn máa bá ara ẹ̀ níta. Òfin ilé yíyá Èkó ti 2011 (tí kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà) ní kí wọ́n fún ẹni tó ń sanwó ọdọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ nìkan ló lè lé e. Lańlọ́ọ̀dù tó bá fi ipá kó ẹrù èèyàn síta ti ṣẹ̀ sófin.

Ohun tí a yí padà ò pọ̀. A gbé ìpàdé kúrò ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn oníṣòwò ti wà lọ́jà, sí ìrọ̀lẹ́ Sunday. A kúrò ní pálọ̀ alága, a lọ sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ níwájú ilé kẹtàdínlógún. Mo ra ìwé mìíràn, mo fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá alákàrà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Kò tíì jókòó tán tó fi bèèrè pé, “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú o. Owó géètì tí a dá lọ́dún tó kọjá, géètì ọ̀hún dà?”

Alága wo ojú mi. Èmi náà ń wo ìwé.