Òtútù tó pa òdòdó ló sọ Natchez di ìlú àfẹ́

Ìlú kékeré kan wà lórí òkè létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, Natchez lórúkọ ẹ̀, ilé ńláńlá ayé ọjọ́un sì ni àwọn èèyàn ń lọ wò níbẹ̀. Owó òwú ló kọ́ wọn kí ogun abẹ́lé tó bẹ́ ní 1861, àmọ́ nígbà tó fi máa di 1930, kòkòrò ti jẹ òwú run, ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀dà ń ṣí lára ògiri, àwọn onílé ò sì rówó tún un kùn.

Ní 1931, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó káàkiri ìpínlẹ̀ Mississippi wá ṣèpàdé níbẹ̀, bí òtútù ṣe dé lójijì nìyẹn tó pa òdòdó. Àlejò ti dé ná, kí ni àwọn ará Natchez á fi hàn wọ́n? Wọ́n kúkú ṣílẹ̀kùn ilé ńláńlá yẹn fún wọn, inú àwọn àlejò sì dùn gan-an. Nígbà tó di 1932, Katherine Miller àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olódòdó Natchez ṣètò ẹ̀ dáadáa, wọ́n ń gbowó ìwọlé, wọ́n pè é ní Pilgrimage (ìyẹn ìrìn àjò mímọ́), wọ́n wọ yẹ̀rì fẹ̀ǹfẹ̀ ayé àtijọ́ pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Bówó ṣe dé nìjà dé, ẹgbẹ́ pín sí méjì, wọ́n bára wọn dé kóòtù.

Longwood ló yà mí lẹ́nu jù, ilé onígun mẹ́jọ tí Haller Nutt ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé, àwọn kápẹ́ńtà tó kó wá láti Philadelphia sá lọ sílé, yàrá mẹ́sàn-án nísàlẹ̀ nìkan ló parí, tó o bá gòkè lónìí, pákó àti bíríkì gbalasa lo máa bá.

Àmọ́ ohun tó ń dùn mí ni Forks of the Road, ọjà ẹrú tí wọ́n ti ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú, àwọn tó ṣiṣẹ́ òwú tó kọ́lé yẹn gan-an. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń mú àlejò kiri ilé tí wọn ò ka ibẹ̀ sí nǹkan kan. Ní 1863 tí sójà Union, ìyẹn àwọn tó ń jà fún ìjọba àpapọ̀ nínú ogun abẹ́lé, gbàlú ni ọjà yẹn kú, àwọn sójà dúdú sì wà lára àwọn tó tú pákó ẹ̀ láti fi kọ́ bárékè. Ìgbà tó di 2021 ni ìjọba àpapọ̀ tó fi ilẹ̀ náà kún páàkì ìtàn Natchez. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé kankan.