Bí ìwé àlá ṣe ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ lójú oorun pé àlá lòun ń lá

Àlá téèyàn ń lá, tó sì mọ̀ nínú ẹ̀ gan-an pé àlá ni, òun ni wọ́n ń pè ní lucid dream, Frederik van Eeden ará Netherlands ló gbé orúkọ yẹn jáde lọ́dún 1913. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ kọ́ ọ ni kì í fẹ́ gbọ́ ti ìwé àlá, ìyẹn ìwé téèyàn ń kọ àlá ẹ̀ sí tó bá jí, bí wọ́n ṣe máa fò lókè bí ẹyẹ ló ń ká wọn lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í rántí àlá lè mọ̀ lóru pé àlá lòun ń lá, kílẹ̀ mọ́ kó má rántí nǹkan kan, ó ti ṣe é dánù nìyẹn.

Oorun máa ń yí po, ìyípo kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, inú ẹ̀ sì ni apá tí wọ́n ń pè ní REM wà, tí ẹyinjú á máa sáré lábẹ́ ìpéǹpéjú, ibẹ̀ làlá tó mọ́lẹ̀ kedere pọ̀ sí jù. REM àkọ́kọ́ kì í pẹ́ rárá, bílẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀ ló ń gùn sí i, torí náà ẹni tó bá sun wákàtí 5 tó dìde ti fi èyí tó dùn jù nínú àlá ẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tíṣẹ́ wà gan-an ni ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ téèyàn bá jí. Kó má yíra padà, kó má lajú, kó má fọwọ́ kan fóònù (fóònù yìí ló ń pa àlá jù o), kó kàn bi ara ẹ̀ pé kí ni mò ń rò báyìí. Ohun kékeré kan lè yọjú, bí àtẹ̀gùn tí ò lópin, kó di ìyẹn mú kó máa tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn, ibo ni mo ti ń bọ̀ kí n tó dé àtẹ̀gùn, ta ló ń pè mí. Lẹ́yìn náà ni kó mú bíró: “Mò ń gun àtẹ̀gùn, ò tán, eyín mi ń mì, mo pẹ́ dé ibi ìdánwò.” Bó bá jẹ́ ẹ̀rù nìkan ló kù, kó kọ ẹ̀rù. Bí ò bá sí nǹkan kan, kó kọ déètì àti pé mi ò rántí. Kó má fi iyọ̀ kún un ṣá.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta bá kọjá, kó ka gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, kó máa fa ìlà sábẹ́ ohun tó ń padà wá. Ìdánwò téèyàn ò kàwé fún lè jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, fóònù tí ò ṣe é tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àmì àlá nìyẹn, ti oníkálukú sì yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Láti ìgbà yẹn, ìgbàkígbà tí fóònù bá ṣe wèrè lójú ayé, kó dúró, kó ka ọ̀rọ̀ kan, kó wo ibòmíì, kó tún un kà, torí lójú àlá ọ̀rọ̀ yẹn sábà máa ń yí padà. Tàbí kó fọwọ́ dí imú kó wò ó bóyá èémí ṣì ń wọlé, bó bá ń wọlé, àlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó fura lóòótọ́ o, ẹni tó bá ń ṣe é bí ẹni ń lé eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ṣe é lójú àlá, á ní ojú ayé ni, á sì bá tiẹ̀ lọ.

Stephen LaBerge, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí nípa irú àlá yìí, wá fi ọgbọ́n kan kún un tó ń jẹ́ MILD: bó bá jí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, kó rántí àlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, kó fojú inú wo ara ẹ̀ níbẹ̀ tó rí àmì yẹn tó sì dá a mọ̀, kó máa sọ pé tí n bá tún ń lálàá màá rántí pé àlá ni, títí oorun á fi gbé e lọ. Kì í ṣe ojoojúmọ́ o, ara nílò oorun ju àlá lọ.

Lọ́jọ́ tó bá bọ́ sí i, inú dídùn ló sábà ń jí èèyàn. Kó ṣì kọ ọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kó sì kọ́kọ́ kọ ohun tó jẹ́ kó fura.