Áńtẹ́nà àfọwọ́ṣe: ẹ wo ọwọ́ Hughes kí ẹ tó wo ọwọ́ Marconi

Ẹni tó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ orúkọ sọ, àmọ́ apá kan ọ̀rọ̀ náà ló rí. Rédíò tó wà lórí tábìlì ló ń wò, èyí tó ń rojọ́ láti àárọ̀ dalẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn. Rédíò mìíràn wà tó jẹ́ pé èsì gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Àwọn tó ń lò ó kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìròyìn, owó kọ́ ni wọ́n ń wá, ham layé ń pè wọ́n. Ẹnì kan á jókòó ti ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, á na wáyà láti ara igi kan sí ìkejì, á pe àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tí kò rí rí á sì dá a lóhùn láti òkè òkun. Bí irú iṣẹ́ àfọwọ́ṣe yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, mo sì ti mú ẹni tí màá gbè lẹ́yìn kí n tó la ẹnu.

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá pé ta ló kọ́kọ́ ṣe rédíò, mẹ́sàn-án á ní Guglielmo Marconi ni. Ẹnì kẹwàá, bó bá jẹ́ ará Rọ́ṣíà, á ní Alexander Popov ni, torí pé ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1895 ló fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró mọ̀nàmọ́ná láti ọ̀nà jíjìn han àwọn onímọ̀ ní St Petersburg. Ìjà àwọn méjèèjì kò kàn mí. Ọdún 1895 ti pẹ́ jù fún ohun tí à ń wá. Àwọn kan tún máa ń fa Mahlon Loomis yọ, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà tó sọ pé òun fi káìtì gbé wáyà lọ sókè ní àwọn òkè Virginia ní àwọn ọdún 1860, tó sì gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ ní 1872. Ìtàn káìtì yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ iná tó wà lójú ọ̀run ni Loomis rò pé òun ń fà wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

David Edward Hughes ni tèmi. Wọ́n bí i ní 1831, olùkọ́ orin ni, háàpù ló ń ta. Ní 1855 ó ṣe ẹ̀rọ tẹlígíráàmù kan tó ń tẹ lẹ́tà jáde fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn sì sọ ọ́ di olówó. Nígbà tó fi máa di 1879, kò ní ọ̀gá, kò ní yàrá ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga, inú ilé rẹ̀ ní Great Portland Street ní London ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ronú nípa ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ní ọdún tó ṣáájú, ó ti fi ìṣó mẹ́ta ṣe máíkúrófóònù: méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀kẹta lórí wọn ní ìbú, kò dì wọ́n pa, ó kàn gbé e lé wọn ni. Bàtìrì kan, tẹlifóònù kan, ó parí. Bí nǹkan kékeré bá mi tábìlì, ìṣó yẹn á mì, ìró á sì jáde nínú tẹlifóònù.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn ló ṣàkíyèsí pé ibì kan wà tí wáyà kò ti fara mọ́ra dáadáa. Gbogbo ìgbà tí iná bá ta pàrà níbẹ̀ ni tẹlifóònù máa ń dún, bẹ́ẹ̀ kò sí okùn kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ẹlòmíì ì bá di wáyà náà pa, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Hughes kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó to ẹ̀rọ kan tó ń yí bíi ti aago, tó ń so iná tó sì ń já a fúnra rẹ̀, ó fi sílẹ̀ nínú ilé kó máa ta pàrà lọ, ó fi tẹlifóònù sétí, ó jáde sí títì.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni tẹlifóònù ṣì wà láyé nígbà náà. Àgbàlagbà kan ń lọ sókè sódò ní títì ọ̀sán gangan, ó gbé nǹkan sétí, ó rìn síwájú, ó dúró, ó padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó tún dúró. Bí àwọn aládùúgbò bá rò pé orí rẹ̀ ti dà rú, mi ò ní bá wọn jà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ nígbà tó yá pé ìró náà ń le sí i díẹ̀ títí dé nǹkan bíi yáàdì 60, lẹ́yìn náà ló ń rẹlẹ̀, tó fi di pé ní yáàdì 500 kò dá òun lójú mọ́. Ó tún sọ ohun kan tó jẹ́ pé ó mú kí n gbà á gbọ́ pátápátá: níwájú àwọn ilé kan, ìró náà dún ketekete, níwájú àwọn mìíràn, agbára káká lòun fi ń gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti gbé áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n kiri inú iyàrá rí mọ ohun tó ń sọ. Ẹ gbé e síbí, àwòrán dàrú. Ẹ sún un díẹ̀, àwòrán mọ́ kedere, wọ́n á pariwo láti orí àga pé, "Dúró bẹ́ẹ̀! Má mira!" Ìgbì rédíò tó ń bọ̀ tààrà àti èyí tó gba ara ògiri wá ló pàdé: níbi kan wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíì wọ́n pa ara wọn. Èmi gbà pé wáyà tó so máíkúrófóònù Hughes mọ́ tẹlifóònù ni áńtẹ́nà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó tíì pè é bẹ́ẹ̀. Ara tirẹ̀ pẹ̀lú lè wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni áńtẹ́nà inú iyàrá ṣe máa ń gbéṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá wà lára rẹ̀, tó sì máa ń kọṣẹ́ ní kété tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì 1880, àwọn àgbààgbà Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, wá wò ó: Spottiswoode tó jẹ́ ààrẹ wọn, Huxley, àti Stokes tó mọ ìṣirò bí ẹni mowó. Wọ́n wo gbogbo rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Stokes wá ní kò sí nǹkan tuntun níbẹ̀, pé ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ nípa bí iná inú wáyà kan ṣe ń ru ti wáyà kejì sókè ni. Ara Hughes bù máṣọ. Kò tẹ nǹkan kan jáde nípa rẹ̀. Ó di 1899, nígbà tó ku díẹ̀ kó kú, kó tó kọ lẹ́tà tí ayé fi gbọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn tó ń gbè lẹ́yìn Hertz, ẹni tó fi hàn pé ìgbì rédíò wà lóòótọ́, á sọ: pé Hughes kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tó kọ́kọ́ dá iná kò mọ ohun tí iná jẹ́, síbẹ̀ ó yá a. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo kẹ́gàn Heinrich Hertz. Láàárín 1886 sí 1888 ní Karlsruhe ní Jámánì, ó mú ọ̀pá méjì, ó fi rogodo síńkì sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, ó fi àlàfo kékeré sáàárín kí iná lè ta níbẹ̀. Ó wá tẹ wáyà kan bí òrùka tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé, ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń wo ẹnu òrùka náà títí iná bíńtín fi tàn níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ páànù síńkì tó ga tó mítà 2 kọrọdọ bí ọ̀nà omi, ó fi darí ìgbì bí ẹni ń darí ìmọ́lẹ̀ àtùpà. Ọ̀pá méjì yẹn ni dáípóòlù, baba gbogbo áńtẹ́nà tí à ń ṣe lónìí. Ó kú ní 1894, ẹni ọdún 36 péré. Gbogbo ìgbà tí a bá ń pe mẹ́gáhátìsì, tí a fi ń wọn bí ìgbì rédíò ṣe ń yára mì tó, òun là ń dárúkọ. Hughes ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń fi Hughes wọn nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà fúnra rẹ̀ kò kọ́kọ́ kan rédíò rárá. Nínú èdè Látìn, igi ìbú tí wọ́n ń so ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi mọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 500 ọdún sẹ́yìn tí Theodore Gaza ń túmọ̀ ìwé Aristotle lórí àwọn ẹranko sí Látìn, tó bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan pàdé tó ń tọ́ka sí ìwo kòkòrò. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ọ̀hún ń jẹ́ ìwo, ó tún ń jẹ́ igi ìgbòkun, Gaza bá mú ti igi. Ẹ wo fọ́nrán méjì tó ń jù síwá sẹ́yìn lórí aáyán, ẹ ó rí i pé kò ṣì í. Nínú èdè Ítálì, òpó ni antenna ṣì ń jẹ́. Orí òpó ni Marconi ń so wáyà rẹ̀ kọ́, orúkọ òpó bá ran wáyà. Àwa tí à ń pè é ní ẹ́ríà náà kò jẹ̀bi, ohun inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fún Marconi ní tirẹ̀. Ẹni bí ogún ọdún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀ nítòsí Bologna, òun náà sì fọwọ́ ṣe é. Ó gbé wáyà kan lọ sókè, ó ri ìkejì mọ́lẹ̀, ó rí i pé bí ti òkè bá ṣe ga tó ni ìró ṣe ń jìnnà tó. Arákùnrin rẹ̀ Alfonso wà lẹ́yìn òkè kan, ìbọn ló yìn láti fi sọ pé òun ti gbọ́. Àmọ́ ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1897, ibẹ̀ sì ni èmi àti ẹ̀ ti pínyà.

Àwọn tó ń ṣe é nítorí ìfẹ́ kò dẹ́kun. Ní 1912, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ìgbì tí gígùn rẹ̀ kò ju mítà 200 lọ nìkan ni kí wọ́n máa lò. Ilẹ̀ ṣíṣá ni wọ́n rò pé àwọn fún wọn. Ní oṣù kejìlá 1921, Paul Godley pa àgọ́ sínú pápá kan ní Ardrossan ní Scotland, ó na wáyà tó gùn tó nǹkan bíi mítà 400, ó sì gbọ́ àwọn ham Amẹ́ríkà láti òdìkejì Àtìláńtíìkì. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá 1924, Cecil Goyder, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ọdún 18 ní Mill Hill School ní London, ń bá Frank Bell sọ̀rọ̀ ní New Zealand. Ibi tó jìnnà jù láyé nìyẹn. Ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sáré wá gba ilẹ̀ ṣíṣá ọ̀hún.

Ohun tí wọ́n ń nà nígbà yẹn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tòní. Pín 143 fún iye mẹ́gáhátìsì tí o fẹ́, ohun tó bá jáde ni gígùn dáípóòlù rẹ ní mítà. Fún 14.2, ó lé díẹ̀ ní mítà 10. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, mo wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, mo gé e gẹ́lẹ́, mo wá rántí pé etí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ yí mọ́ ike tó máa so ó rọ̀. Gbogbo ohun tó yí mọ́ ike ti jáde nínú gígùn nìyẹn. Wáyà tí a ti gé, ta ló ń fà á gùn? Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi ìka mẹ́wàá kún un lápá kọ̀ọ̀kan, màá wá máa gé e ní díẹ̀díẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: áńtẹ́nà tó wà lórí òrùlé, ọ̀pá gígùn lẹ́yìn, àwọn kúkúrú níwájú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yagi, Shintaro Uda ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Sendai ní Jàpáàn, ní nǹkan bí 1926. Hidetsugu Yagi ni ọ̀gá rẹ̀, òun ló kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1928, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé àṣẹ. Ìyà Hughes ló tún jẹ Uda. Ní Quito ní Ecuador, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ nítorí gíga ìlú náà, iná ń jó ní ẹnu ọ̀pá irú áńtẹ́nà yẹn ní ibùdó rédíò HCJB. Clarence Moore tẹ wáyà ní igun mẹ́rin kí ó má bàa ní ẹnu mọ́, bí kúáàdì ṣe dé nìyẹn ní nǹkan bí 1942. Grote Reber, ham ni òun náà, fi owó ara rẹ̀ kan abọ́ tó fẹ̀ ju mítà 9 lọ sẹ́yìnkùlé ní Wheaton ní Illinois ní 1937, ó fi ń gbọ́ ìró àwọn ìràwọ̀.

Ti tẹlifíṣọ̀n kò gùn lẹ́nu mi. John Logie Baird fi àpótí tíì, abẹ́rẹ́ ìránṣọ àti dígí iná kẹ̀kẹ́ to èyí àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Hastings, ó fi í han ní London ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní 1926. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwọn ará Britain ra VCR97, ojú ẹ̀rọ rédà tí ológun kò lò mọ́, wọ́n fi ń wo tẹlifíṣọ̀n. Íǹṣì 6 ni, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ sì dà bí ewé tútù. Ẹgbẹ́ BATC dé ní 1949 fún àwọn ham tó ń fi àwòrán ránṣẹ́. Ní 1975 Stephen Birkill fi abọ́ tó fọwọ́ ṣe ní Sheffield mú tẹlifíṣọ̀n tí sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́ sí Íńdíà. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ẹ̀rọ. Wáyà ìta ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹni kan ṣẹ́kù. Ní 1908, Alan Campbell-Swinton kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Nature, ó ṣàlàyé bí tẹlifíṣọ̀n ṣe lè ṣiṣẹ́ láìsí abala kankan tó ń yí, nígbà tí Baird kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọkùnrin yìí kan náà ló rí àwọn ẹ̀rọ Hughes ní 1922, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní London tí wọ́n ń kó àga àti tábìlì pamọ́ sí. Díẹ̀ nínú wọn wà ní Science Museum báyìí.